Kí ló dé tó jẹ́ 720,720? Ìbéèrè tí ẹ ń bi akọ̀wé yín, àti ìdáhùn

Ọ̀kún o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti ìgbà tí mo ti ní kí ẹgbẹ́ òwò kajú wa ní Kábbà yìí máa dá 3,003 náírà lọ́sẹ̀ dípò 3,000, mi ò rójú mi ò ráyè. Tí mo bá ń ná ọjà lọ́wọ́, wọ́n á dá mi dúró. Tí mo bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á fa aṣọ mi látẹ̀yìn. Ẹnì kan tiẹ̀ pè mí láti Ìyàrà láago mẹ́wàá alẹ́, kò kí mi, kò béèrè ọmọ, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀ ni "Antí akọ̀wé, náírà mẹ́ta yẹn ńkọ́?" Mo wá jókòó mo kọ gbogbo ẹ̀ síbí, kó lè jẹ́ pé ẹni tó bá tún bi mí, màá kàn ní kó lọ kà á ni. Ẹ ṣáà mọ̀ pé mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nírọ̀lẹ́, torí náà tí ọ̀rọ̀ mi bá gùn jù, ẹ forí jì mí.

Náírà mẹ́ta yẹn gan-an, kí ló wà fún?

Mẹ́rìndínlógún ni wá. Tí kálukú bá dá 3,000 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, 720,000 náírà ló máa wà lọ́wọ́ akápò, bá a ṣe ṣe é lọ́dún tó kọjá nìyẹn. Tó bá jẹ́ 3,003 la dá, ó di 720,720. Gbogbo wàhálà tẹ́ ẹ ń bá mi fà, 720 náírà péré ni, a sì jọ dá a ni o, àwa mẹ́rìndínlógún.

Ẹ wá rántí bá a ṣe ń lo owó náà. A kì í kó o fún ẹnì kan ṣoṣo. Àwọn tó bá ráyè jáde lọ ra kajú lọ́sẹ̀ yẹn la máa ń pín in fún lọ́gbọọgba, tí wọ́n bá dé kí kálukú wá jíhìn iye tó gbà. Ọ̀sẹ̀ míì èèyàn márùn-ún ló máa jáde, ọ̀sẹ̀ míì méje, ọ̀sẹ̀ míì ẹ̀wẹ̀ gbogbo wa la máa yọ. Lọ́dún tó kọjá tí àwọn méje kọ́kọ́ gba apá Ìsánlú lọ, a pín 720,000 sí méje, 102,857 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó ku náírà kan. Kò sẹ́ni tó torí náírà kan bínú. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ tí àwọn mẹ́tàlá jáde, 55,384 ló kan kálukú, ó ku náírà mẹ́jọ, akápò wá ní òun gbọ́n, ó fi náírà kọ̀ọ̀kan kún ti àwọn mẹ́jọ tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Háà! Ṣebí gbogbo yín lẹ wà níbẹ̀. Àwọn márùn-ún tó kù ní wọ́n ti rẹ́ àwọn jẹ, wọ́n ní ṣé torí pé àwọn ò tètè dé ni, ẹnì kan tiẹ̀ dìde ó fẹ́ máa lọ sílé. Ìpàdé ọjọ́ yẹn, a ò sọ̀rọ̀ kajú rárá, orí náírà kan la wà títí ilẹ̀ fi ṣú. Òru ọjọ́ náà ni mo lọ wá nọ́mbà tí kò ní í ṣẹ́ kù sí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Lọ́dún yìí mẹ́tàlá tún jáde, 55,440 géérégé ló kan kálukú. Ẹ gbọ́ ariwo kankan?

Ṣé iye yòówù tá a bá jẹ́ ló máa pín dọ́gba?

Láti orí ẹnì kan dé orí mẹ́rìndínlógún, bẹ́ẹ̀ ni. Akápò, ẹ da èyí kọ sínú ìwé yín kẹ́ ẹ má bàa máa pè mí lójoojúmọ́: ẹni méjì, 360,360 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan; mẹ́ta, 240,240; mẹ́rin, 180,180; márùn-ún, 144,144; mẹ́fà, 120,120; méje, 102,960; mẹ́jọ, 90,090; mẹ́sàn-án, 80,080; mẹ́wàá, 72,072; mọ́kànlá, 65,520; méjìlá, 60,060; mẹ́tàlá, 55,440; mẹ́rìnlá, 51,480; mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, 48,048; mẹ́rìndínlógún, 45,045. Kò sí kọ́bọ̀ tó jábọ́ sílẹ̀ níbì kankan.

Báwo ló ṣe wá ń gbọ́ràn tó báyìí? Àbí ẹ ti sa oògùn sí i ni?

Ìyá tó ń ta gàrí nínú ẹgbẹ́ wa ló béèrè èyí, ó sì ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ìbéèrè tó dáa jù nínú gbogbo ẹ̀ nìyẹn. Ẹ wo nọ́mbà bí ọbẹ̀. Ohun téèyàn bá sọ sí i la máa bá nínú ẹ̀. Ohun tó wà nínú ìkòkò 720,720 ni èjì mẹ́rin, ẹ̀ta méjì, àrún kan, èje kan, mọ́kànlá kan, mẹ́tàlá kan. Ẹ sọ gbogbo wọn di púpọ̀ lórí ara wọn: 2 × 2 × 2 × 2 × 3 × 3 × 5 × 7 × 11 × 13. Ẹ gbé fóònù yín, ẹ tẹ̀ ẹ́, 720,720 ló máa gbé wá.

Tí ẹni méjìlá bá wá ní ká pín in fáwọn, ohun tí méjìlá ń wá ni èjì méjì àti ẹ̀ta kan. Ṣé ó wà nínú ìkòkò? Ó wà, ó tún ṣẹ́ kù. Mẹ́rìnlá ń wá èjì kan àti èje kan, ó wà. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ń wá ẹ̀ta kan àti àrún kan. Ẹ̀sán ń wá ẹ̀ta méjì. Mẹ́rìndínlógún ló lójú kòkòrò jù, èjì mẹ́rin ló ń bèèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìdí nìyẹn tí mo fi rí i dájú pé mẹ́rin pé síbẹ̀.

720,000 tí ọdún tó kọjá ńkọ́? Èjì méje ló wà nínú ẹ̀, ẹ̀ta méjì, àrún mẹ́rin. Èjì ti pọ̀ jù, àrún ti pọ̀ jù, bí ọbẹ̀ tó jẹ́ iyọ̀ àti ata nìkan, kò sí èje, kò sí mọ́kànlá, kò sí mẹ́tàlá. Torí ẹ̀ ni méje fi ku kan, mọ́kànlá ku mẹ́fà, mẹ́tàlá ku mẹ́jọ. Odo tó pọ̀ lẹ́yìn nọ́mbà ló máa ń tan èèyàn jẹ, a máa rò pé owó tó bá ti jẹ́ gbáko ló rọrùn láti pín.

Ṣé kò sí èyí tó kéré jù ú lọ tó lè ṣe iṣẹ́ kan náà?

Kò sí. Tẹ́ ẹ bá yọ èjì kan péré nínú ìkòkò yẹn, ó di 360,360, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣì lè pín in, gbogbo àwọn tó kéré sí i náà lè pín in, àmọ́ mẹ́rìndínlógún ti di kò ṣeé ṣe. Ẹ yọ ẹ̀ta kan, ẹ̀sán kọ̀. Ẹ yọ mẹ́tàlá, mẹ́tàlá fúnra ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ pariwo. Kò sí ohun tó ṣeé yọ. Àwọn ọmọ ilé ìwé mọ̀ ọ́n, òun ni wọ́n ń pè ní LCM, ìyẹn nọ́mbà tó kéré jù lọ tí gbogbo nọ́mbà téèyàn dárúkọ lè pín láì ku nǹkan, tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n wá LCM gbogbo nọ́mbà láti 1 dé 16, ibẹ̀ ni wọ́n máa bọ́ sí, ìyẹn tí wọn ò bá sùn lọ lórí ìwé.

Tẹ́nì kan bá wá dara pọ̀ mọ́ wa tá a di mẹ́tàdínlógún ńkọ́?

Ibẹ̀ ló ti máa kọsẹ̀. Mẹ́tàdínlógún kò sí nínú ìkòkò, kò sì sí ohun tẹ́ ẹ lè fi se é, torí kò ṣeé fọ́ sí wẹ́wẹ́. 42,395 ló máa kan kálukú, á wá ku náírà márùn-ún. Náírà márùn-ún! Kí lèèyàn fẹ́ fi rà nílùú yìí? Màá padà sórí ọ̀rọ̀ yìí nísàlẹ̀, torí ó ti kúrò ní àròsọ, ẹnì kan ti gba fọ́ọ̀mù.

Lẹ́yìn mẹ́tàdínlógún, àwọn tó kọ̀ títí dé ọgbọ̀n ni 19, 23, 25, 27, 29. Gbogbo àwọn tó kù níbẹ̀, 18, 20, 21, 22, 24, 26, 28, 30, ló gbà. Ẹ wò ó pé 25 kọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé 5 gbà, torí 25 ń wá àrún méjì, ẹyọ kan péré ló sì wà.

Báwo la ṣe ń ka nọ́mbà yìí lédè wa?

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí á sọ pé "ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ó lé ogún, àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ó lé ogún." Kò burú. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kà á bí àwọn tó ń fi owó ẹyọ ṣòwò ṣe máa kà á, torí ibẹ̀ ni orí mi ti wú. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000, àpò owó ẹyọ kan nìyẹn. 720,000 jẹ́ ọ̀kẹ́ mẹ́rìndínlógójì. 720 tó kù ńkọ́? Ogún lọ́nà mẹ́rìndínlógójì. Ẹ rí i? Ọ̀kẹ́ mẹ́rìndínlógójì àti ogún mẹ́rìndínlógójì, ó tán. Ẹgbẹ̀rún tí àwọn òyìnbó fi ń kà á náà fi hàn pé 720 ló tẹ̀ lé 720, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n lójú tèmi ti wa ló dùn jù, bí ẹni tó so àpò mẹ́rìndínlógójì tó wá fi ogún ogún ṣe ènì sórí àpò kọ̀ọ̀kan.

Tí mo bá ní kẹ́ ẹ dá 3,003, ohun tí mò ń ṣe náà nìyẹn. Ènì ni náírà mẹ́ta yẹn.

Wọ́n ní ẹ sọ pé iye nọ́mbà tó lè pín in jẹ́ 240. Ẹ jókòó ẹ kà á ni?

Ta ló ń kà á? Ìṣirò la fi mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe nọ́mbà kan látinú ìkòkò yẹn, ó lè má mú èjì rárá, ó lè mú kan, méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ọ̀nà márùn-ún nìyẹn. Tó bá dórí ẹ̀ta, kó má mú, kó mú kan, kó mú méjì, ọ̀nà mẹ́ta. Àrún, kó mú tàbí kó fi sílẹ̀, méjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni èje, mọ́kànlá àti mẹ́tàlá. 5 × 3 × 2 × 2 × 2 × 2, ó di 240.

Ẹ wá fi ọ̀nà kan náà wo 720,000. Èjì méje, ọ̀nà mẹ́jọ. Ẹ̀ta méjì, ọ̀nà mẹ́ta. Àrún mẹ́rin, ọ̀nà márùn-ún. 8 × 3 × 5, 120 ni. Ìdajì rẹ́gí! 720 náírà tẹ́ ẹ ń torí ẹ̀ bínú sí mi ló sọ ọ̀nà tí owó wa lè gbà pín di ìlọ́po méjì.

Èyí tó tún wá jọ mí lójú ni pé láti 1 títí dé 720,719, kò sí nọ́mbà kankan tí iye tó lè pín in tó 240. Èyí tó sún mọ́ ọn jù ni 665,280, tiẹ̀ jẹ́ 224. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ rí èyí tó máa ju 240 lọ, ẹ máa rìn títí dé 1,081,080, tó ní 256. Ọkùnrin ará Íńdíà kan tó ń jẹ́ Srinivasa Ramanujan ló jókòó ti irú àwọn nọ́mbà yìí tó to wọn lẹ́sẹẹsẹ, ó tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1915, 720,720 sì wà lára àwọn tó tò. Kó tó di pé ó lọ sí Cambridge ní 1914, akọ̀wé lòun náà, ní ọ́fíìsì èbúté Madras. Ẹ má fi akọ̀wé ṣeré o. Ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló kú, ní 1920, ó mà ṣe o.

Ṣé àwa la kọ́kọ́ ronú irú èyí, ká wá nọ́mbà tó máa rọrùn láti pín?

Rárá o. Plato, àgbà ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìkì, ti sọ ọ́ láyé ọjọ́un. Nígbà tó ń ṣètò ìlú kan nínú ìwé tó kọ nípa òfin, ó ní 5,040 ni kí iye àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ jẹ́, torí pé ó ṣeé pín sí oríṣiríṣi ọ̀nà, fún owó orí, fún ogun, fún ilẹ̀. Gbogbo nọ́mbà láti 1 dé 12 ló lè pín 5,040 àfi mọ́kànlá, èyí tó máa ku méjì. Plato náà rí i, ó ní kò burú, tẹ́ ẹ bá yọ ìdílé méjì kúrò, mọ́kànlá náà á gbà. Ẹ gbọ́ ọgbọ́n akápò! Bí akápò tiwa ṣe fẹ́ ṣe náírà mẹ́jọ yẹn gẹ́lẹ́.

Ohun tí 5,040 ò ní ni mọ́kànlá àti mẹ́tàlá. Ẹ fi méjèèjì lé e, ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà 143, ẹ máa bá 720,720 níwájú ilé.

Ọmọ mi ní ẹ mọ idán kan tẹ́ ẹ fi ń mọ nọ́mbà tí méje lè pín. Ṣé òótọ́ ni?

Kì í ṣe idán. Ẹ mú nọ́mbà onídíjíìtì mẹ́ta èyíkéyìí, ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra wọn. Mo sọ fún ọmọ náà pé kó mú èyí tó wù ú, ó mú 358, ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, 358358. Mo ní kó pín in sí 7, ó fún un ní 51,194, kò ku nǹkan. Mo ní kó pín èyí tó rí sí 11, ó rí 4,654. Mo ní kó pín ìyẹn náà sí 13. Ó tẹ̀ ẹ́, ó wojú fóònù, ó wojú mi, ó tún wojú fóònù. 358 ló padà bá.

Ohun tó fà á ni pé kíkọ nọ́mbà mẹ́ta lẹ́ẹ̀mejì báyẹn, ohun kan náà ni pẹ̀lú kéèyàn sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà 1,001, 7 × 11 × 13 ló sì ń jẹ́ 1,001. Torí náà 720,720 jẹ́ 720 lọ́nà 1,001, bí 3,003 tẹ́ ẹ ń dá ṣe jẹ́ 1,001 lọ́nà mẹ́ta. 1,001 yẹn ni kókó gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Òun ló gbé èje, mọ́kànlá àti mẹ́tàlá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

Òótọ́ ni pé ọmọ SS1 kan dójú tì yín lórí nọ́mbà yìí?

Ta ló tún sọ fún yín? Ó dáa, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí kó má di pé wọ́n ń bù mọ́ ọn.

Mo kọ 720,720 sójú pátákó, mo wá ní tí ẹ bá fi oókan kún un, ó di 720,721, ẹ ò rí i pé kò sí ìkankan láti 2 dé 16 tó máa lè pín in mọ́, gbogbo wọn ló máa ku oókan. Ìyẹn tọ̀nà. Àmọ́ ẹnu mi ò mọ síbẹ̀. Mo ní torí náà prime ni, ìyẹn nọ́mbà tó jẹ́ pé 1 àti òun fúnra ẹ̀ nìkan ló lè pín in. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú, mo tún fi ṣọ́ọ̀kì fàlà sábẹ́ ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ nínú kíláàsì wá dúró síwájú mi pẹ̀lú ìwé, ó kúnlẹ̀, ó ní "Antí, ẹ má bínú o." Mo wo inú ìwé ẹ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ láti 17, ó ń pín in lọ́kọ̀ọ̀kan, 17, 19, 23, 29, ó ń fagi lé wọn, ojú ewé kan kún, ó ṣí èkejì, títí ó fi dé 71. Nísàlẹ̀ ibẹ̀ ló kọ ọ́ sí, ó yí i po: 71 × 10,151 = 720,721.

Ojú tì mí, àmọ́ inú mi tún dùn. Àṣìṣe mi ni pé nọ́mbà tó bá sá mọ́ 2 dé 16 lọ́wọ́ kò tíì sá mọ́ gbogbo ayé lọ́wọ́, ẹlòmíì lè dúró dè é níwájú. Ọmọ yẹn ò tún jẹ́ kó tán síbẹ̀, ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó wo 720,719, ó ní 31 ló pín ìyẹn, ó di 31 × 23,249. Mo fún un ní bíírò tuntun.

Kí wá ni 720,721 yẹn wúlò fún?

Ẹ mọ àlọ́ ẹyin awó yẹn? Obìnrin kan kó ẹyin lọ ọjà, tó bá kà á ní méjì méjì ó ku kan, mẹ́ta mẹ́ta ó ku kan, mẹ́rin mẹ́rin, márùn-ún márùn-ún, mẹ́fà mẹ́fà, kan náà ló ń kù, àfìgbà tó kà á ní méje méje ló tó pé. Ẹyin 301 ni, kò lè dín. Tó bá jẹ́ gbogbo kíkà láti méjì méjì dé mẹ́rìndínlógún mẹ́rìndínlógún ló ń ku kan, ẹyin tó ní kò lè dín ní 720,721. Kò sí agbọ̀n tó máa gbà á.

Tó bá jẹ́ ebè iṣu ńkọ́, ṣé a lè kọ 720,720 ebè kó gún régé bí ilé onígun mẹ́rin?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin alágbára. Kò lè jẹ́ pé gígùn àti fífẹ̀ dọ́gba, torí 848 lọ́nà 848 ò tó o, 849 lọ́nà 849 sì ti kọjá ẹ̀. Èyí tó sún mọ́ ọn jù ni poro 840, tí ebè 858 wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá dúró lókè òkúta tó ń wo oko náà ò ní mọ̀ pé kò dọ́gba. Ọ̀nà 120 ló sì wà tẹ́ ẹ lè gbà tò ó láì fi ebè kankan sílẹ̀, tó fi mọ́ èyí tẹ́ ẹ máa to gbogbo ẹ̀ sórí ìlà kan ṣoṣo láti Kábbà dé ibi tẹ́ ẹ mọ̀.

Tí mo bá ń kà á lẹ́nu ní oókan oókan, ìgbà wo ni màá parí?

Tó bá jẹ́ nọ́mbà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, láì sùn, láì jẹun, ọjọ́ mẹ́jọ, wákàtí mẹ́jọ àti ìṣẹ́jú méjìlá. Tó bá jẹ́ ọ̀kan ní ìṣẹ́jú kan, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọjọ́ àti ààbọ̀, géérégé. Ẹ má dán an wò.

Kí ló kan ọjọ́ ọjà nínú ẹ̀?

Iṣẹ́ kan náà ni. Ọjà ọrọọrún, ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ló ń yí po, torí pé àwa máa ń ka ọjọ́ tá a wà mọ́ ọn. Ọ̀sẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì jẹ́ ọjọ́ méje. Torí náà tí ọjà bá bọ́ sí Sátidé lónìí, ó di ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n kó tó tún bọ́ sí Sátidé. Tó bá jẹ́ ọjà tó ń yí po lọ́jọ́ mẹ́jọ mẹ́jọ, ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dá ọjọ́ ìyàwó tẹ́ ẹ máa ń gbàgbé pé ọjọ́ ọjà ni, ẹ kọ́ LCM.

Babaláwo kan ní nọ́mbà yìí gbọ́dọ̀ bá Odù 256 mu. Ṣé ó bá a mu?

Kò bá a mu, kí bàbá má bínú. Mẹ́rìndínlógún pín in, òótọ́ ni, àmọ́ 256 jẹ́ mẹ́rìndínlógún lọ́nà mẹ́rìndínlógún, èjì mẹ́jọ ló ń wá, mẹ́rin péré ló sì wà nínú ìkòkò. Ẹ pín in, ó máa ku ọgọ́rin. Kódà 32 ò lè pín in.

Kí lẹ̀ ń gbèrò lórí ẹni kẹtàdínlógún tó gba fọ́ọ̀mù?

Antí tó ti Ẹ̀kìnrìn-Àdé wá ni, èèyàn dáadáa ni, mi ò lè torí ìṣirò ní ká má gbà á. Àmọ́ ẹ gbọ́ bọ́rọ̀ ṣe rí. Tá a bá fẹ́ owó tó máa pín dọ́gba láti orí ẹnì kan dé orí mẹ́tàdínlógún, 12,252,240 náírà ni, kò lè dín. Lédè wa, ọ̀kẹ́ ẹgbẹ̀ta ó lé méjìlá àti ogún ẹgbẹ̀ta ó lé méjìlá, ó ṣì ń ṣe ènì ẹ̀ lọ. Ẹ pín ìyẹn sórí àwa mẹ́tàdínlógún, kálukú máa dá 720,720 náírà fúnra ẹ̀. Ìyẹn 48,048 lọ́sẹ̀. Ta ló ní in?

Tá a bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, 3,003 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwa mẹ́tàdínlógún máa ní 765,765. Mẹ́tàdínlógún máa pín in, méje, ẹ̀sán, mọ́kànlá, mẹ́tàlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà máa pín in, ṣùgbọ́n ẹni méjì ò ní lè pín in! Àrún ló gbẹ̀yìn ẹ̀. Tá a bá fi ọ̀sẹ̀ kan kún un kó di mẹ́rìndínlógún, ó di 816,816, méjì gbà, mẹ́rin gbà, mẹ́jọ gbà, mẹ́rìndínlógún gbà, mẹ́tàdínlógún gbà, àmọ́ márùn-ún, ẹ̀sán, mẹ́wàá àti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á kọ̀.

Mo ti wo inú ìwé ìpàdé, ọ̀sẹ̀ tí ẹni márùn-ún jáde pọ̀ ju ọ̀sẹ̀ tí ẹni méjì jáde lọ, torí ẹ̀ 765,765 lèmi fara mọ́. Akápò ní òun ò fẹ́ nọ́mbà tí ẹni méjì ò lè pín, ó ní ó ń dẹ́rù ba òun. Ẹ wá dìbò ní ìpàdé tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ sì mú 3,003 ọ̀sẹ̀ yìí dání, èèyàn mẹ́ta ṣì ń fi 3,000 ránṣẹ́ sí mi.